Tírélà Tí Mo Yàn fún Ọkọ̀ Ìlú Wa

Kí n tó sọ ọ̀nà tí mo gbà àti ohun tí ojú mi rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Èmi ni mo yan tírélà náà. Ẹnikẹ́ni ò fi ipá mú mi, ẹnikẹ́ni ò sì tàn mí. Méjì ni mo rí l'Ékòó. Àgbàlagbà kan tó mọ iṣẹ́ náà dunjú sọ èyí tó yẹ fún mi, mo yan èkejì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí owó tó tán nílé wa, ìyẹn ló jẹ́ kí ìlú rán mi. Bóyá ká ní ẹni tí kò kàwé rárá ni wọ́n rán, ì bá gbọ́ràn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Etídò mọ ohun tó gbé mi lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi lè má mọ̀. Ní àkókò òjò tó ṣáájú ìrìn àjò náà, ọkọ̀ gbígbẹ́ tí a fi ń sọdá Ọ̀ṣun dojú dé pẹ̀lú èèyàn mẹ́sàn-án nínú. Àwọn mẹ́jọ jáde. Sábítíù, tó ń lọ sí ilé ìwé ní òdìkejì, kò jáde. Ìlú wá pinnu pé a ò ní fi ẹyọ igi gbígbẹ́ gbé ọmọ ẹnikẹ́ni kọjá mọ́. Ọkọ̀ alápákó la fẹ́, èyí tó fẹ̀ nídìí, tí yóò gbé ogún èèyàn láì mì. A dá owó jọ, Ìyá Sábítíù ló sì kọ́kọ́ mú tirẹ̀ wá, ó so ó mọ́ etí ìró.

A ti san owó ọkọ̀ náà fún gbẹ́nàgbẹ́nà ọkọ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì ti kàn án tán. A ò lè gbé e gba orí omi wálé, nítorí àpáta tó wà nísàlẹ̀ ìlú wa. Ọkọ̀ tó bá gba ibẹ̀, igi ìdáná ni yóò dà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀nà mọ́tò ló kù. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ra ohun tí mọ́tò yóò fi fà á, kí n sì gbé e délé kí odò tó kún. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá ní tírélà, mọ́tò gàgàrà tó ń kó màlúù láti òkè Ọya ni. Àwọn ará etí ọ̀sà l'Ékòó tún ní ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: irin gbọọrọ lórí táyà méjì, kò ní ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yìn mọ́tò ni wọ́n ń fi kọ́, orí rẹ̀ ni ọkọ̀ omi ń gùn.

Ọjọ́ Alàmísì la gbéra. Wọn ò tíì pe ìrun àsùbáà nígbà tí Láńdírófà dé ẹnu ọ̀nà Baálẹ̀, iná iwájú rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń tàn. Ẹni tó wà á ni Lámídì, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ń gbé èrò ní ibùdókọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde, ọkùnrin kúkúrú tí orógbó kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mọ́tò náà kì í ṣe tirẹ̀, olówó kan ló ń wà á fún. A yàn án nítorí pé ìkọ́ irin wà lẹ́yìn mọ́tò rẹ̀. Bó ṣe rí bírò nínú àpò mi, ó ní, "Tíṣà, ṣé kíláàsì là ń lọ ni?" Láti ìgbà náà, kò pe orúkọ mi mọ́, Tíṣà ló ń pè mí.

Láti Etídò dé Ìjẹ̀bú-Òde, ilẹ̀ pupa tí ẹ mọ̀ náà ni. Ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó sì dára díẹ̀ títí dé Ṣàgámù. Láti Ṣàgámù sí Ìkòròdú ni ìyà wà. Ọ̀dà ti ṣí, kòtò wà lọ́tùn-ún, kòtò wà lósì. Lámídì ń bú àwọn tó ní ká máa fi ọwọ́ ọ̀tún wakọ̀, ó ní nígbà tí a ń fi ọwọ́ òsì wà á, òun mọ orúkọ kòtò kọ̀ọ̀kan. Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò ronú pé nǹkan tí mò ń lọ gbé yóò gba orí àwọn kòtò yìí padà.

Ní Ṣàgámù a jẹ ẹ̀kọ mẹ́rin àti mọ́ínmọ́ín méjì ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá, tí obìnrin tó tà á ṣì ń pè ní sílè kan. Nílé, kọ́bọ̀ mẹ́fà là bá fi jẹ ẹ́ yó. Ní Ìkòròdú, búrẹ́dì kékeré kan ti di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo nǹkan ń gbówó lórí bí a ti ń sún mọ́ Èkó, àfi omi ọ̀sà nìkan.

Ọ̀sà náà, ìgbà tí a gun afárá ni mo rí i. Lọ́dọ̀ wa, omi la fi ń dẹ́rù ba ọmọ tó ń sunkún. Níbẹ̀, mo rí ìyá arúgbó kan tó dá nìkan wà nínú ọkọ̀, ó gbé àjẹ̀ lé itan, ó ń jẹ ẹ̀pà, omi sì ń gbé e lọ bí ẹni pé ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọmọ rẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé bí mo bá gbé ọkọ̀ yìí délé, àwọn ìyá wa náà á máa sọdá báyìí.

Ilé àbúrò ìyá mi, Àǹtí Sàrátù, ni mo dé sí. Òkè Àrin ló ti ń ta mílíìkì alágolo àti ṣúgà, Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń gbé, nínú agbo ilé ọkọ rẹ̀. Ọ̀nà inú ilé náà tóóró débi pé nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, ẹnì kan tó gbé ògì gbígbóná ní láti gba orí mi kọjá. Ìyá náà ní, "Ọmọ dáadáa, dìde, ọ̀nà lo dí. L'Ékòó, a máa ń tẹ̀ díẹ̀ ni, Ọlọ́run sì mọ èyí tó kù." Wọ́n fi ẹ̀bà àti ẹja tútù ọ̀sà ṣe mí lálejò. Lámídì sùn sínú mọ́tò, ó ní kí wọ́n má baà yọ iná iwájú kan tó kù.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Àǹtí mú mi lọ sí etí ọ̀sà lọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ọkọ̀ náà, Bàbá Alímì, kí ó tó gba ọjà rẹ̀ lọ. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí èèpo igi. Ọkọ̀ wa wà nínú omi níwájú rẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀ ewé ló kùn ún. Ó ti wà nínú omi fún ọ̀sẹ̀ méjì kí pákó lè mu omi, kí ojú ibi tó so pọ̀ lè pa dé. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ bàtà mọ́kàndínlógún. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá ń wò mí.

Ó bi mí pé ṣé ọkọ̀ gbígbẹ́ ni à ń lò lọ́dọ̀ wa, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹyọ igi kan nìyẹn. Bí o bá gbé e lé orí òkúta, kò ní bínú. Tèmi yìí, pákó mẹ́rìnlá ni mo fi ìṣó rán pọ̀, ó sì ti mu omi yó, ó wúwo. Bó bá máa rìnrìn àjò, ó ń fẹ́ sùn ni, kò fẹ́ jókòó lórí nǹkan."

Ó wá fi tírélà tirẹ̀ hàn mí, lẹ́yìn àkójọ pákó. Irin mọ́tò ẹlẹ́rù àtijọ́ ló fi ṣe é, ó ti dípẹtà, táyà rẹ̀ kò bára mu. Lórí rẹ̀, pákó gígùn méjì wà, ó gbẹ́ wọn kí wọ́n lè tẹ̀lé ìdí ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì fi àpò ìdọ̀họ wé wọn bí ibùsùn. Ó ní kì í ṣe títà. Kí n máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, kí onímọ́tò dá a padà nígbà tó bá tún ń bọ̀ l'Ékòó.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rò. Ìlú kó ọgọ́jọ náírà fún mi láti ra tírélà. Bí mo bá gbé ohun dídípẹtà yìí wọ̀lú, tí mo ní wọ́n yá mi ni, ta ni yóò gbà gbọ́ pé mi ò jẹ owó náà? Àti pé, kí n má parọ́, mo fẹ́ wọ̀lú pẹ̀lú nǹkan tó ń dán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, mo ní màá padà wá. Àǹtí Sàrátù ti sọ fún mi pé ọkùnrin kan wà ní Oníkan tó ń ta ẹrù àwọn òyìnbó tó ń padà sílé.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ, mo gba CMS kọjá níbi tí àwọn akọ̀wé ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn bo orí nítorí òjò wínníwínní. Ọkùnrin náà ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́mi, ó wọ ṣòkòtò péńpé bí òyìnbó, ó sì pè mí ní sà, èyí tí ẹnikẹ́ni ò pè mí rí. Tírélà tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ funfun bí àwo tuntun. Kò ní pákó. Rọ́bà dúdú róbótó mẹ́rin ló to ara wọn lẹ́yìn ara wọn láàárín rẹ̀, bí o bá fi ìka kàn wọ́n, wọ́n á máa yí.

Bí mo ti rí rọ́bà náà ni ọkàn mi balẹ̀, ẹ̀yin ará ilé nìkan ló sì lè mọ ìdí rẹ̀. Bí a bá gbẹ́ ọkọ̀ tán nínú igbó, kí la fi ń fà á dé odò? Igi róbótó là ń tò sílẹ̀, ọkọ̀ á sì máa yí gorí wọn lọ wẹ́rẹ́. Bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní, háà, ọgbọ́n wa lòyìnbó fi rọ́bà ṣe. Mi ò rántí pé orí igi róbótó, ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan ni, lórí ewé. Mi ò sì rántí pé ẹyọ igi kan ni ọkọ̀ wa.

Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́mi bi mí bí ọkọ̀ náà ṣe gùn tó, mo sọ fún un. Ó ní, "Ṣé fáíbà ni, sà?" Fáíbà ni nǹkan bí ike líle tí àwọn òyìnbó fi ń ṣe ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́, ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀. Lọ́jọ́ náà, ojú tì mí láti bi í ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó máa gbé e dáadáa nígbà náà. Ọgọ́fà náírà ni mo san, ogójì ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi, mo sì ń rìn bí ẹni tó gbọ́n.

Lámídì fi Láńdírófà fà á dé etí ọ̀sà. Bàbá Alímì ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ funfun, ó ń lọ kí Jímọ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà náà, ó tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò bínú. Ó bi mí bóyá mo ti sanwó, mo ní mo ti san. Ó ní, "Ó dáa. Dúró dè mí. Bí mo bá kírun tán, màá bá ọ kan pákó gígùn méjì sí i, kí ọkọ̀ rí ibi sùn sí. Má gbé e kí n tó dé."

Mi ò dúró. Ojú ọ̀run ń ṣú, mo sì ń rò ó pé Bàbá kàn fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí ohun tí mo rà ni, kó lè ní òun náà ló ṣe é. Èmi tó yẹ kí n tẹ̀lé e lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo ní arìnrìn-àjò ni mí.

Lámídì bó orógbó, ó wò mí. "Tíṣà, ṣé a ò ní dúró de bàbá ni?"

"Wọ́n á pẹ́."

"Jímọ̀ ni wọ́n lọ kí, wọn ò lọ sí Mẹ́kà."

Mo ní, "Bọ̀dá Lámídì, èmi nìlú rán."

Ó yí mọ́tò padà, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ sún mọ́ omi. Mo fún àwọn ọmọkùnrin etí ọ̀sà mẹ́fà ní ogún kọ́bọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, a ti tírélà wọ inú omi, a fi okùn fa ọkọ̀. Ó gun rọ́bà náà bí ẹran tó mọ ilé. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn ọmọkùnrin náà ń pè mí ní ẹnjiníà, inú mi dùn. Ìgbà ìkẹyìn tí inú mi dùn nìyẹn nínú ọ̀rọ̀ yìí.

A gun afárá, a kọjá Ìkòròdú, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn Ìkòròdú, òjò ti kún inú kòtò, Lámídì kò sì rí ìdí wọn mọ́. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ọmọ tó ń sáré ì bá yà wá sílẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò, gbogbo ìwúwo ọkọ̀ á sọ̀ kalẹ̀ lórí rọ́bà mẹ́rin péré. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn wa, gbì, gbì, bí ẹni ń gún iyán lábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tó yá, ohùn náà yí padà. Ó di kẹ́ẹ́. Lámídì dúró láì jẹ́ pé mo sọ fún un, ó wọ abẹ́ tírélà nínú ẹrọ̀fọ̀.

Ó ní, "Sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó."

Pákó méjì ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi gbọọrọ tó la ìdí ọkọ̀ já. Ibi tí rọ́bà kọ̀ọ̀kan wà ti tẹ̀ wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó. Òwú tí Bàbá fi dí ojú pákó ti ń já bọ́, ó ń fì nínú atẹ́gùn.

Lámídì nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Ó ní, "Jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ bàbá yẹn. Pákó méjì péré ni, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á yá wa ní tiwọn tó ní ibùsùn. Mi ò ní gba owó epo ìpadà lọ́wọ́ rẹ."

Ká ní mo gbà ni, ọkọ̀ ìlú ì bá wà lónìí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe pé ẹ̀yìn ìgbà náà ló yé mi. Ṣùgbọ́n mo ń rí ojú Bàbá Alímì, pẹ̀lú aṣọ Jímọ̀ lọ́rùn rẹ̀, tó dé etí ọ̀sà tó bá ibẹ̀ ní òfìfo. Mi ò lè padà lọ dúró níwájú ojú yẹn. Mo ní ká máa lọ, pé gbẹ́nàgbẹ́nà wà nílé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilẹ̀kùn àti pósí ni gbẹ́nàgbẹ́nà wa mọ̀ ọ́n kàn.

A sùn ní ibùdókọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mi ò wo abẹ́ ọkọ̀ náà.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe pàdé wa. Ẹ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà odò láti àárọ̀, odò náà ti ń pọ́n, ó ti gun àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ní etí bèbè. Ẹ rí ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ẹ rí tírélà funfun, ẹ pa àtẹ́wọ́. Ẹ ò rí ìdí rẹ̀. Ìyá Sábítíù wá, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, ó rọra fi ọwọ́ rìn ín láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ní, "Ràímì, o kú ìrìn àjò."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Mà."

Àwọn ọkùnrin tì í wọ omi. Ó léfòó bíi kí èèyàn ka ogún, lẹ́yìn náà omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín rẹ̀, kò tú jáde, ó kàn ń ga sí i ni, títí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi bá odò dọ́gba. Wọ́n fà á padà sórí ilẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ dé, ìgbà náà ni gbogbo ènìyàn rí àpá rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pákó márùn-ún ló ti là.

Baálẹ̀ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Kí n tó la ẹnu, ẹnì kan láàárín èrò ní eré ni awakọ̀ yìí sá, pé gbogbo àwọn awakọ̀ ibùdókọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wakọ̀. Òmíràn ní ó rò bẹ́ẹ̀. Kíá, ó ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú. Èmi ni Lámídì ń wò, ó ń dúró dè mí. Ó wò mí pẹ́ débi pé Baálẹ̀ náà yí ojú sí mi. Mo wo ilẹ̀.

Lámídì lọ tú ìkọ́ tírélà kúrò lẹ́yìn mọ́tò rẹ̀, ó wọ inú mọ́tò, ó lọ. Kò bèèrè owó tó kù. Ó kàn ní, "Tíṣà, ó dàbọ̀," bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sìn dé ẹnu ọ̀nà.

Odò kún ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àwọn ọmọ kò lọ sí ilé ìwé títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn tí kò lè dúró sì padà sínú ọkọ̀ gbígbẹ́. Ìlú pàṣẹ pé ọmọ Etídò kankan kò gbọ́dọ̀ wọ mọ́tò Lámídì mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ibùdókọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde, olówó rẹ̀ sì gba Láńdírófà lọ́wọ́ rẹ̀. Tírélà kò ní àléébù kankan. Ó ń dán títí di òní, ó kàn jẹ́ pé ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ṣe é fún.

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò pọ̀. Ó kọ́ mi pé kí èèyàn tó yan ohun tí yóò gbé ẹrù, kó wo ìdí ẹrù náà, kó má wo gígùn rẹ̀ nìkan. Èyí, ọmọdé lè mọ̀ ọ́n. Èyí tó kù, mi ò tíì kọ́ ọ tán.

Mo ti lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́ẹ̀mẹta láti wá Lámídì. Wọ́n ní ó wà ní Ọ̀yọ́, wọ́n tún ní ó ń ru ẹrù l'Ékòó. Mo ti wá kọ ọ́ síwájú gbogbo yín báyìí pé kò sá eré, pé ó ní ká dúró, pé ó ní ká padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin ni mo jẹ ní gbèsè ọ̀rọ̀ náà. Òun ni, ní ojú rẹ̀, mi ò sì tíì san án.